ÀKỌ́RỌ̀: Ọ̀GBÌN NI TÀBÍ TẸ́TẸ́?

Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe òjò. Èyí tó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni àkọ́rọ̀. Èyí tó bá rọ̀ kẹ́yìn ni àrọ̀kúrò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi àkọ́rọ̀ pe àkùrọ̀ o! Oko etí odò tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkùrọ̀. Àkọ́rọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí ó ń pa àgbẹ̀ lẹ́rìn-ín, ó sì ń pa á lẹ́kún.

Ní Ara tí a ti bí mi, lẹ́bàá Èjìgbò, oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé. Ẹni tó bá gbin àgbàdo, ilá tàbí tẹ̀tẹ̀ nígbà náà, tí òjò kò sì dá, ni yóò kọ́kọ́ kó ọjà lọ. Àgbàdo tútù tó bá ṣáájú dé ọjà ni owó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí tọmọdé tàgbà bá ti ń tà á, iye tí oníbàárà bá fẹ́ san ni a ó gbà.

Ṣùgbọ́n àkọ́rọ̀ a máa tan ni. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jìjàkadì lókè ilẹ̀ wa lásìkò yìí: ọ̀kan ń gbé omi bọ̀ láti orí òkun, èkejì gbẹ, ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀. Bí ti òkun bá borí, òjò á rọ̀. Bí ti aṣálẹ̀ bá tún ṣígun padà, ọ̀dá lè dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́.

Irúgbìn inú erùpẹ̀ gbígbẹ lè sùn pẹ́, bí àparò àti èèrà kò bá jí i kó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu omi tó sì hù, kò lè padà sùn mọ́. Oúnjẹ inú rẹ̀ ń tán lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tíì jinlẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ó kú nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ti gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ yóò wá máa yá òmíràn kiri, lásìkò tí oúnjẹ inú àká ń tán lọ.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni mo rí lọ́wọ́ àwọn àgbà oko wa:

(a) Wọn kì í gbin gbogbo irúgbìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gbin díẹ̀, wọ́n á fi ìyókù pa mọ́ sókè ààrò.

(b) Wọ́n á fi ọkọ́ wú ilẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ló rin, tí ìsàlẹ̀ ṣì gbẹ, wọ́n á dúró de òjò mìíràn.

(d) Wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ sí ìtòsí odò, níbi tí wọ́n ti lè bu omi wọ́n ọn bí òjò bá dá.

Lóde òní, ilé-iṣẹ́ NiMet máa ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Ó dára kí àgbẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n agbègbè ni àsọtẹ́lẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ́ ló ń sọ ti oko ẹni. Nítorí náà, ẹni tó da gbogbo irúgbìn rẹ̀ sínú àkọ́rọ̀ ló ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó pín in ló dáko.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ béèrè orúkọ òjò lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ oko wà nínú rẹ̀.