Àwòrán Òní Kì í Ṣe Ìbọn Òní: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọmọ Ọdẹ tó ń Lo Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i pé kámẹ́rà inú igbó ti pọ̀ lọ́wọ́ yín báyìí. Ó dára. Èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbà lò ó kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ó rà á, ẹ ó so ó mọ́ igi àkọ́kọ́ tí ojú yín bá tó, ẹ ó padà sílé lọ máa wo fóònù. Bí àwòrán ọ̀yà bá ti wọlé báyìí, ìbọn ti dé èjìká, eré ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni pé kámẹ́rà wà kí ẹ lè mọ igbó láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì lè mọ ẹran tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà kó fi ẹran sílẹ̀, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná.

Ilẹ̀ wa ti kéré jọjọ. Ìdí ọdẹ ni ìtàn àwa Àwórì ti bẹ̀rẹ̀. Ògúnfúnminíre tó tẹ Ìṣẹ̀rí dó, ọdẹ ni ìtàn pè é. Àmọ́ igbó tí àwọn baba wa ń dẹ láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, títí dé Òkòkòmáíkò, ti di ilé. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1983. Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sí Ìbà, bárékè àwọn sójà, ọjà Alábà, títì márosẹ̀ tó lọ sí Badagry, gbogbo wọn ló jókòó sórí ilẹ̀ tí ẹran ń rìn tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa ni àbàtà, etí ọ̀sà, pápá eésún tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, àti àwọn erékùṣù tó wà ní òdìkejì omi. Ọ̀yà ṣì wà níbẹ̀, òkété wà níbẹ̀, ẹtà sì ń gba ibẹ̀ kọjá lóru. Nínú ilẹ̀ tó fún báyẹn, ẹsẹ̀ ọdẹ tó ń wọlé lójoojúmọ́ ń lé ẹran ju ìbọn lọ. Ẹran mọ òórùn wa, ó mọ ìró bàtà wa, ó mọ iná tí a dè mórí. Bí kámẹ́rà bá lè dúró níbẹ̀ dípò ẹsẹ̀ wa, ó ti ṣe wá lóore ńlá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun èlò yìí kò bá iṣẹ́ ọdẹ mu. Ọdẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wọ igbó lóru. George Shiras, ọmọ Amẹ́ríkà, máa ń ta okùn sójú ọ̀nà ẹran. Bí ẹran bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, iná á kọ mànà, kámẹ́rà á sì ya àwòrán. Ní oṣù Keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn àwòrán rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, kámẹ́rà gba ipò ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó jà fún òfin tó ń dáàbò bo ẹyẹ. Mi ò ní kí ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń wo ẹran fún ìgbà pípẹ́, ojú tó fi ń wò ó máa ń yí padà.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àìmọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ máa so ó síbi tí kò yẹ. Kámẹ́rà yìí kì í fi ojú wá ẹran. Ooru ló ń wá. Ohun kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ooru ara ẹran àti ooru ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ti ń rìn kọjá, á ya àwòrán. Ìdí nìyẹn tó fi ń múná lóru àti ní ìdájí, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná tó ara ẹran. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ewé tí oòrùn pa gbóná, tí afẹ́fẹ́ ń mì, lè tàn án jẹ títí bátìrì á fi kú. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. Àríwá tàbí gúúsù ni kí ó máa wò. Ẹ gé eésún tó wà níwájú rẹ̀, àmọ́ kí ó mọ níwọ̀n, torí ibi tí àdá bá ti mọ́ jù, ẹran á fura sí i.

Ní ti gíga, ọ̀yà àti òkété kò ga. Ẹ so kámẹ́rà mọ́ igi níbi tí gíga rẹ̀ kò tó orúnkún, kó má baà jẹ́ pé orí koríko nìkan lẹ ó máa rí. Bí ẹ bá dábùú rẹ̀ gan-an sójú ọ̀nà ẹran, ìrù nìkan ni ẹ ó máa bá nínú àwòrán. Ẹ dá a sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó lè máa wo gígùn ọ̀nà náà. Kí ẹ tó so ó rárá, ẹ wá ipa ẹsẹ̀, ẹ wá imí, ẹ wá ibi tí eyín ti gé igi eésún. Ọdẹ tí kò lè ka ilẹ̀, kámẹ́rà mẹ́wàá kò lè kà á fún un. Ẹ yan èyí tí iná rẹ̀ kò hàn sójú rárá, torí èyí tó ń pọ́n fírífírí lóru, ẹran á rí i, olè náà á sì rí i.

Oríṣi méjì ni àwọn kámẹ́rà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ láìsí wáyà. Nínú oríṣi kan, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní síìmù tirẹ̀. Nínú oríṣi kejì, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní síìmù, òun ni ìyá. Àwọn yòókù ń fi ìgbì rédíò gbé àwòrán fún ara wọn títí á fi dé ọ̀dọ̀ ìyá, bí ọdẹ ṣe ń súfèé sí ọdẹ nínú igbó títí ọ̀rọ̀ á fi dé etí olórí. Ti kejì yìí ni mo fẹ́ fún ilẹ̀ wa. Dátà síìmù kan ni ẹ ó máa san, ẹ ó sì lè gbé ìyá sí orí ilẹ̀ tó ga nítòsí títì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú àbàtà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ẹ kàn rántí pé ewé tútù ń jẹ ìgbì rédíò. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà kọjá wẹ́rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè dí pa lẹ́yìn òjò díẹ̀. Jíjìnnà tí wọ́n kọ sára páálí, ibi gbalasa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nínú igbó wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ara wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ẹ́ríàlì wọn dúró ṣánṣán, kó má fara kan igi.

Alábà kò jìnnà sí wa, ẹ ó sì rí onírúurú rẹ̀ rà. Ẹ má sanwó kí ẹ tó ki síìmù tiyín bọ̀ ọ́, kó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù yín níbẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà lè má gbọ́ tiwa rárá, torí ìgbì tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí ti ibí. Síìmù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí NIN ẹni tó ni kámẹ́rà gan-an. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa fi àwòrán kékeré ránṣẹ́, kí ńlá dúró sínú mẹ́mọ́rì kádì. Dátà á tó yín, bátìrì á sì pẹ́. Bátìrì líthíọ̀mù wọ́n, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti bátìrì lásán, iná rẹ̀ kì í sì í ṣàárẹ̀ lóru. Ẹ tún aago rẹ̀ ṣe kó bá ti fóònù yín mu, torí àwòrán tí kò ní wákàtí tó péye kò ní ìtàn.

Ohun tó ń múni sáré tọ ẹran ló wá kàn wàyí, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ pè yín. Láàárín àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi, òfin kan wà: ẹran tí kámẹ́rà fi hàn lálẹ́ òní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ ọ́ lálẹ́ òní. Àwòrán lè pẹ́ kó tó wọlé. Ohun tó wà lójú ọ̀nà nígbà tí kámẹ́rà yà á lè ti lọ, kó jẹ́ pé ènìyàn ló dúró síbẹ̀ báyìí: apẹja tó ń bọ̀ láti odò, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba àbùjá, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbà pé ọ̀yà ló wà níbẹ̀, ọ̀yà ni ojú rẹ̀ á rí. Kì í ṣe àwa nìkan la fi òfin sí lílo kámẹ́rà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Arizona fòfin de lílo kámẹ́rà fún pípa ẹran láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022. Aṣálẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibi omi kò pọ̀, àwọn ọdẹ sì ti to kámẹ́rà yí gbogbo rẹ̀ ká débi pé ẹran kò lè mumi láìjẹ́ pé ẹnì kan ń wò ó. Àwọn ọdẹ kan lọ́hùn-ún pàápàá ké pé ìyẹn ti kúrò ní ọdẹ. Àbàtà tiwa náà kò fẹ̀.

Ọ̀yà máa ń lóyún fún bí oṣù 5, ó sì sábà máa ń bí bí ọmọ 4. Bí kámẹ́rà bá fi abo tó ní ọmọ lẹ́yìn hàn yín, ẹ pa ọ̀nà yẹn tì títí àwọn ọmọ á fi dàgbà. Ti akíka le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ ọmọ kan ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìdí ìrù ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà máa ń dì mọ́. Láti ìpàdé tí gbogbo ayé ṣe lọ́dún 2016 ni wọ́n ti fòfin de gbígbé akíka àti ìpẹ́ rẹ̀ ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìpẹ́ akíka tó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ ní Èkó yìí. Ẹ fojú inú wo iye ìyá tó wà nínú ìyẹn. Bí akíka bá yọ nínú kámẹ́rà yín, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí àwòrán náà má sì dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ kankan. Àwọn tó ń wá a ń ka ohun tí ẹ ń gbé síbẹ̀.

Kámẹ́rà tún lè fi ohun tí a kò mọ̀ hàn wá. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kéde irú ẹtu kan tó wà ní Togo, ní Benin àti ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, tí ìwé kankan kò tíì dárúkọ rẹ̀ rí. Òkú rẹ̀ tí wọ́n rí lórí àtẹ ọjà ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí kámẹ́rà inú igbó Fazao-Malfakassa ní Togo tó ya àwòrán rẹ̀ láàyè. A ti ń jẹ ẹ́ kí ayé tó mọ̀ pé ó wà. Ní 2020, kámẹ́rà tó wà lórí òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River fi ìnàkí hàn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìnàkí tó jẹ́ pé bí 300 péré ló kù nínú irú rẹ̀ láyé. Nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà, àwọn tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ta ló mọ ohun tó ń rìn lóru ní etí ọ̀sà tiwa? Ó wù mí kí ọmọ ọdẹ Ọ̀jọ́ kan ló máa kọ́kọ́ fi hàn, kó sì gbé àwòrán náà tọ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko lọ ní yunifásítì tó wà lójúde wa.

Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tí ojú ọdẹ bá rí kọ́ ni ẹnu ọdẹ ń sọ. Kámẹ́rà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di dandan. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé kámẹ́rà wà. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń wẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi. Bí ojú ènìyàn bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Igbó Orò ńkọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ so kámẹ́rà mọ́ ibẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ kọjú rẹ̀ sí ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní bá yín jiyàn lé e lórí. Bí ẹ bá sì rí àwọn tó gbé ohun ìjà tí ẹ kò mọ̀, ẹ má lọ kò wọ́n lójú. Ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ fi àwòrán náà lé àwọn agbófinró lọ́wọ́, ẹ dúró sílé.

Òjò ti ń ṣú bọ̀. Kí ọ̀sà tó kún wọ àbàtà, ẹ lọ kó àwọn kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ wálé. Ẹ yọ bátìrì wọn, ẹ gbọn èèrà kúrò nínú yàrá bátìrì, ẹ wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, ẹ ki àpò kékeré tó ń fa omi sínú rẹ̀. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ gíga lè dúró, bí ẹ bá ti fi ike bo orí wọn. Ẹ kó mẹ́mọ́rì kádì gbogbo wá bá mi, ká jọ wò ó kí a tó pinnu ọ̀nà tí a ó pa tì lọ́dún yìí.