Ìsinmi ní Dakar

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Gáḿbíà, lábẹ́ ètò Technical Aid Corps tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ìsinmi Àjíǹde ti dé tán. Ṣé mo lè lọ wo Dakar láìgba físà?

Ìdáhùn: Ẹ lọ o! Ọmọ ECOWAS ni Nàìjíríà, Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹ lè lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù, ẹ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé yín, nítorí iṣẹ́ ìjọba lẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jí ní kùtùkùtù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Banjul sí Barra, kí ẹ wọkọ̀ dé ẹnubodè Amdallai. Tí ẹ bá ṣẹ́ owó dalasi sí sẹ́fà, ẹ kà á lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Karang, ní ẹ̀gbẹ́ Sẹ̀nẹ̀gà, ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ Dakar.

Ẹ má bẹ̀rù èdè Faransé. Wọ́n ń sọ Wolof ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín á ràn yín lọ́wọ́ lọ́jà.

Ibi tí mo bẹ̀ yín kí ẹ dé ni erékùṣù Gorée. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti Dakar. Níbẹ̀, ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Ilé Ẹrú (ilé ìrántí òwò ẹrú) tó kọjú sí òkun, kí ẹ má kánjú kúrò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín.