Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Dídá Ra Nǹkan Lọ́jà

Ẹ̀ka: Ìmúrasílẹ̀ fún ìgbésí ayé àgbà
Ọjọ́ orí: Ọdún 18 sí 24
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Àwọn ọ̀dọ́ àkàndá tó ní Down syndrome, ọ́tísìmù tàbí ìpèníjà ọpọlọ mìíràn, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ
Àkókò: Wákàtí kan àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀
Ibi ẹ̀kọ́: Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀, Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ fún ìyókù

Èròǹgbà

Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dá lọ sí ìsọ̀ aláta, yóò sọ iye ata tó fẹ́ rà, yóò sanwó, yóò gba ọjà rẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀. Ó lè gba odindi sáà kan, kí ẹnikẹ́ni má kánjú. Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ “pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́” síbẹ̀. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju bó ti yẹ lọ. Tó bá ti wọnú èròǹgbà, kò sẹ́ni tí yóò rántí yọ ọ́ mọ́, a ó sì máa di ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún mú títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ lé àṣẹ kúkúrú, ó sì lè so nǹkan méjì tó jọra pọ̀. Kò di dandan kó mọ ìṣirò. Ẹlòmíràn wà tí kò lè ro 3 pọ̀ mọ́ 4, síbẹ̀ tí kì í ṣìnà nídìí alákàrà.

Ohun èlò ìkọ́ni

Owó gidi, àpò ọjà, káàdì alábala kékeré fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ (àwòrán ata lójú kan, iye owó lójú kejì). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo owó tí a fi páálí gé. Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í kó ohun tí wọ́n kọ́ níbì kan lọ síbòmíràn fúnra wọn. Ẹni tó mọ owó páálí mọ owó páálí ni.

Owó Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Láti oṣù kejìlá 2022 tí Báńkì Àpapọ̀ ti pa àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000 dà, tuntun àti àtijọ́ jọ ń rìn lọ́jà. ₦1,000 àtijọ́ ní àwọ̀ ilẹ̀, tuntun jẹ́ búlúù. ₦500 tuntun di àwọ̀ ewé, ₦200 tuntun sì pọ́n. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fi àwọ̀ kọ́ni yóò tún un kọ́. Nọ́ńbà tó wà lára owó ni kí ẹ fi kọ́ wọn, kí ẹ da tuntun àti àtijọ́ pọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwòrán orí owó kò yí padà, ó sì wúlò fún ẹni tí nọ́ńbà kì í yé: Awólọ́wọ̀ wà lórí ₦100, Azikiwe lórí ₦500. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tètè ń dá fìlà àti awò ojú Awólọ́wọ̀ mọ̀ ju 100 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀.

Ìfáárà (ìṣẹ́jú mẹ́wàá)

Ẹ kó owó sórí tábìlì. “Mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá fún mi.” Lẹ́yìn náà, “Mú fáìfù họ́ńdírẹ́ẹ̀dì wá.” Ọlọ́jà kan lè pè é báyìí, òmíràn á pè é bọ́hùn-ún, owó kan náà ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ méjèèjì kó tó jáde.

Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ aláta

Lọ́dọ̀ aláta, oníbàárà ló sábà máa ń dá iye owó: “Ẹ bá mi wọn ata ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.” Owó tó wà lọ́wọ́ ló pinnu bí ọjà ṣe máa pọ̀ tó, kò sí ìṣirò, kò sí ṣéńjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà àti tòmátì. Búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo ti ní iye tiwọn tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ná. Ìdúnàádúrà ní tirẹ̀, ó lè má wáyé láéláé, ohun kan kò sì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ náà kò mọ ọjà ná.

Ìgbésẹ̀

Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́jọ: mú owó àti àpò, wá ìsọ̀, kí ọlọ́jà, sọ ohun tí o fẹ́ àti iye rẹ̀, dúró kó wọ̀n ọ́n, sanwó, gba ọjà sínú àpò, dúpẹ́ kí o sì kúrò.

Láti ìparí ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kìíní, olùkọ́ yóò ṣe gbogbo rẹ̀ títí dórí owó sísan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wulẹ̀ gba ata, yóò dúpẹ́. Bó bá ti mọ ìyẹn dáadáa, òun ni yóò sanwó, tí yóò gbà á, tí yóò dúpẹ́. Báyìí ni ẹ ó máa padà sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ yóò máa kọsẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, olùkọ́ yóò sì bá a parí rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí a ti ìparí kọ́ ń mú ata rẹ̀ kúrò lọ́jà fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìkíni gba àkíyèsí tirẹ̀. “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá!” Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kí ọlọ́jà, òun ni ọlọ́jà yóò dá lóhùn, kì í ṣe olùkọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lè kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kó tẹrí ba kó tó na káàdì rẹ̀. Mo ti rí i pé ìkúnlẹ̀ yẹn máa ń ṣí ọ̀nà ju káàdì lọ.

Èènì náà ńkọ́? Ọ̀dọ́ ọlọ́tísìmù kan máa ń yọ èènì kúrò nínú àpò rẹ̀, á dá a padà sórí àtẹ, nítorí kò sí nínú ohun tó bèèrè. Olóòótọ́ èèyàn ni, ṣùgbọ́n ó ń bí ọlọ́jà nínú. Ẹ ṣe eré rẹ̀ ní kíláàsì kí ẹ tó lọ: a fi kún un, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a dúpẹ́.

Ibi tí olùkọ́ yóò dúró sí

Ibí ni ẹ̀kọ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Tí olùkọ́ bá dúró ti akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ni ọlọ́jà yóò bi pé, “Kí ni kí n wọ̀n fún un?” Ẹ má dáhùn. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́jà náà yóò wò ó. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa sún sẹ́yìn: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ìsọ̀ kejì, ẹnu ọ̀nà ọjà.

Bí ó bá dákẹ́, ẹ ka ení dé àrún nínú yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú tàbí ìka tọ́ka. Tí kò bá yé e, ẹ bi í pé “Kí ló kàn?” Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó sọ ọ́ fún un, kí ẹ tó ṣe é hàn án. Dídi ọwọ́ rẹ̀ mú ló kẹ́yìn, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ná: àgbàlagbà ni.

Òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ní kí a kọ́kọ́ dá àkàndá lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó nínú ẹ̀kọ́ yìí. Dídúró de ìgbà tó kan èèyàn wà lára ohun tí a ń kọ́.

Fún ẹni tó ti kọjá ìsọ̀ aláta

Ọjà tó ní iye tirẹ̀ ni ó kàn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni “fi ọ̀kan lé e”. Bí ọlọ́jà bá ní ₦650, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ₦100 mẹ́fà, yóò fi ọ̀kan lé e, yóò sì na ọwọ́ fún ṣéńjì. Kò nílò láti mọ̀ pé ₦50 ló kù. Kó ṣáà mọ̀ pé nǹkan kù, kó má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Owó tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́ àti káàdì báńkì ní ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ pípa nọ́ńbà àṣírí mọ́ gùn.

Ìgbéléwọ̀n

Ẹ kọ ìgbésẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ó gbìyànjú” kì í ṣe èsì. Ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà kan ṣoṣo kò tíì parí. Kó tún un ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ní ọjọ́ tí òjò rọ̀, ní ọjọ́ tí ọjà kún.

Iṣẹ́ àṣetiléwá (fún àwọn òbí)

Ẹ rán an ní ọjà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nǹkan kan péré. Ẹ má fi àbúrò rẹ̀ ṣọ́ ọ. Bí ó bá ra ata tútù dípò ata gbígbẹ, ẹ má padà lọ pàrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí òun náà jẹ nínú rẹ̀.