Ẹ̀KỌ́: Ẹ JẸ́ KÍ ALÁÌSÀN SỌ TẸNU RẸ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ọkà ní Dawanau mọ̀ pé ilé ìwòsàn àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà wà ní àdúgbò náà. Bí a bá mú ọmọ ilé wa kan lọ síbẹ̀ láti Sabon Gari, nọ́ọ̀sì lè máa sọ Haúsá, kí aláìsàn máa sọ Yorùbá. Àwa tí a mú un lọ ni yóò di ògbufọ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà.

Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, “Ǹjẹ́ ó sùn lóru àná?” Kí aláìsàn tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dáhùn pé, “Kò sùn rárá, ó kàn ń rìn káàkiri ni.” Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn àrùn yìí a máa mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le, kí ènìyàn má lè jókòó jẹ́ẹ́. Aláìsàn nìkan ni ó lè sọ bí ó ti ń ṣe òun. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, a ó rò pé àrùn ni ó ń le sí i. Òun náà yóò sì máa da oògùn nù ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì rere a máa kọjú sí aláìsàn fúnra rẹ̀. A máa sọ ohun tí oògùn yóò ṣe àti ìnira tí ó lè mú wá. Kì í pò ó mọ́ ẹ̀kọ láti fi tàn án. Òfin ìlera ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, èyí tí ó rọ́pò òfin tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti 1916 wá, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó tún ní kí ọ̀gá má ṣe lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àrùn yìí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ fetí sí i.

A kò ní kí ẹbí fà sẹ́yìn o. Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan ní láti bá olúkúlùkù wọn wá, láti máa se oúnjẹ, láti máa fọ aṣọ, láti máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú.

Ohun tí ògbufọ̀ bá gbọ́ níbẹ̀, kí ó má dé ìsọ̀, kí ó má dé ìpàdé ẹgbẹ́, ìbáà ṣe pé a pè é ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Bí aláìsàn bá sì ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ògbufọ̀, kí a wá ẹlòmíràn tí ó gbọ́ Haúsá. Kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Kí ó jókòó síta dè é.