Ẹ̀kọ́ Lára Rélùwéè: Àjẹṣẹ́kù Tàbí Àjẹtán?

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí rélùwéè Nàìjíríà. Ohun ìní gbogbo wa ni, gẹ́gẹ́ bí ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ ti jẹ́ ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀. Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Èkó. Ó gba ẹ̀bá Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i títí dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ó dé Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ní 1912 ni wọ́n pa ti gúúsù àti ti àríwá pọ̀ di ilé iṣẹ́ kan. Kì í ṣe nítorí àwa àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ kí ẹrù oko tètè dé èbúté ni. Síbẹ̀ ó ṣe wá láǹfààní: ẹrù tí alárù ń rù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọkọ̀ ojú irin a gbé e dé kíákíá. Kòkó, ẹ̀pà, òwú àti èédú Enugu ni ó ń kó. Nígbà tí irin dé Maiduguri ní 1964, gbogbo rẹ̀ ti tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà.

BÍ Ó ṢE ṢUBÚ. Ìdí mẹ́ta ni a óò mẹ́nu bà. Èkíní, owó epo rọ̀bì dé, a la títì, lọ́rì sì ń gbé ẹrù láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì, irin náà há, ó sì kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ kò lè sáré lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló burú jù: a ń lò ó, a kò tọ́jú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, kò sí owó tí a fi pamọ́ láti ra òmíràn. Ní 1988 gbèsè wọ àjọ rélùwéè lọ́rùn débi pé ọkọ̀ dáwọ́ ìrìn dúró fún ìgbà kan.

BÍ Ó ṢE Ń DÌDE. A bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin tuntun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ti Abuja sí Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó jẹ́ 157 kìlómítà, ní 2021. Ti Itakpe sí Warri, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1987, ìgbà tí ó di 2020 ni wọ́n tó ṣí i ní gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Abuja sí Kaduna. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ènìyàn lọ, ọkọ̀ kò sì tún rìn títí di ìparí ọdún náà. Nítorí náà, kì í ṣe irin nìkan ni a ń tọ́jú. A ní láti ṣọ́ ẹni tí ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ rántí pé owó tí a yá láti ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú iṣẹ́ yìí, a óò sì san án.

ẸGBẸ́ WA ŃKỌ́? Orúkọ wa ti kọ́ wa: a jẹ, a sì ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ tí ó bá pín gbogbo èrè rẹ̀ tán lọ́dọọdún, àjẹtán ni ó ń jẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìlọgbàádo bá kú, tàbí tí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí bá jò, gbèsè ni yóò sá tọ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí ìbàjẹ́ náà lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, bí ìpẹtà ti ń wọ irin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ:
1. Èló ni ẹgbẹ́ wa fi pamọ́ ní ọdún tó kọjá fún àtúnṣe ohun ìní rẹ̀?
2. Ta ni ó ń yẹ àwọn ohun ìní náà wò, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún?
3. Bí a bá yá owó ra ohun kan, ǹjẹ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá san gbèsè rẹ̀ tán?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí akápò sì kà á sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí a tó dìbò lórí pípín èrè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.