Àpótí Ìmọ̀: Ohun Tí Ó Ń Yọ Àgbà Lọ́wọ́ Kòrónà
Nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé kan ní ọdún 2020, àwọn arúgbó ni ó pa jù, nítorí pé bí ọjọ́ orí ti ń ga ni agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ń dín kù. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn sì ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀, ewu tirẹ̀ a tún peléke. Ṣùgbọ́n ẹni tí mímí ṣòro fún, tí a tètè fún ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti oògùn dexamethasone, èyí tí àyẹ̀wò àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi agbára rẹ̀ hàn ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìrètí ń bẹ fún un. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: abẹ́rẹ́ àjẹsára ni asà àgbà.