Ọmọ Tí Ó Nù àti Ilé Tí Ó Ń Wá A

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí kò bá tíì gbé inú ilé tí wọ́n ti ń wá èèyàn rí lè rò pé ọ̀rọ̀ ìkà ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà rí ni pé òkú ní sàréè, ó ní ọjọ́ ìsìnkú, opó rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí yóò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, nígbà tí ẹni tí ó nù kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìbànújẹ́ yìí ni onímọ̀ ìdílé ará Amẹ́ríkà nì, Pauline Boss, ti fún lórúkọ láti àwọn ọdún 1970, orúkọ tí a lè túmọ̀ sí àdánù aláìdájú: ẹni náà kò sí nílé, kò sì kúrò lọ́kàn.

Ìwé ìtàn-àròsọ Jowhor Ile, And After Many Days, tí ó gba Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Etisalat ti ọdún 2016, dá lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Port Harcourt, ní ọdún 1995, Paul, àkọ́bí, sọ fún Ajie àbúrò rẹ̀ pé òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kò sì padà. Àdììtú ibi tí ọmọ wọlẹ̀ sí ni òǹkàwé ń lé, ṣùgbọ́n ọ̀ràn Ajie, ẹni tí ó rí i kẹ́yìn, ni ó yẹ kí ìdílé fi kọ́gbọ́n jù. Bí a bá fi ìbínú bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè, ẹ̀rù lè mú kí ó gbé ọ̀rọ̀ kékeré tí ì bá lani lójú mì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Obbo-Ayégúnlẹ̀, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀rúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kan náà, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé ni èèyàn 38 gba ìtúsílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹbí dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Ọjọ́ tí èèyàn kò bá ti oko dé ni kí wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, kí wọ́n mú fọ́tò rẹ̀, àwọ̀ aṣọ tí ó wọ̀ jáde àti IMEI fóònù rẹ̀ dání, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 15 tí a fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Níwọ̀n bí fóònù yóò ti bá onífóònù lọ, nígbà àlàáfíà ni kí olúkúlùkù ti tẹ *#06#, kí ó kọ ohun tí ó yọ sínú ìwé, kí ó sì fi í sínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. Bí ẹnìkan bá pè pé òun mọ ibi tí ẹni tí ó nù wà, kí a bi í ní oríkì tí ìyá àgbà fi ń kì ẹni náà. Gbájúẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n.

Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, síbẹ̀ òfin fi gbèdéke sí i. Abala 164 Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ pé bí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbúròó ẹnìkan kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, a óò kà á sí òkú, àyàfi bí ìdí mìíràn bá wà fún àìgbúròó náà. Kò tọ́ kí mọ̀lẹ́bí fi agídí mú ìyá ṣe òkú ọmọ tí kò rí sin ṣáájú ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ìyàwó máa ṣagbe owó ilé-ìwé fún ọdún 7 nígbà tí kòkó ọkọ rẹ̀ ń so lóko. Kí ẹbí pàdé, kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa tọ́jú oko náà níṣojú ìyàwó, kí wọ́n sì máa kọ iye àpò tí ó bá jáde lọ́dọọdún sílẹ̀, kí olóko lè rí i kà bí ó bá padà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí i kà bí kò bá padà.